Bọ́dì Lè Gbà Á, Òfin Ò Gbà Á: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ọkọ̀ Agégi Nílùú Ọba

Ẹni tó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, Manchester tàbí Birmingham á ti rí ọkọ̀ yìí lójú pópó. Típà kékeré ni, ògiri rẹ̀ ga ju orí dírẹ́bà lọ, ó so ẹ̀rọ aláriwo kan mọ́ ìdí, àwọn òṣìṣẹ́ tó dé akoto sì ń ti ẹ̀ka igi sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Kó tó di ọ̀sán, igi tó ti ń halẹ̀ mọ́ òrùlé onílé ti di ẹ̀rún nínú ọkọ̀. Kì í ṣe àwọn tó ń gé gẹdú nínú igbó ló ni ín o, àwọn agégi àárín ìlú ni: àwọn tó ń fi okùn gun igi láti gé ẹ̀ka tó gbẹ, tàbí láti sọ odindi igi kalẹ̀ níwọ̀n-níwọ̀n níbi tí kò ti sí àyè fún un láti wó.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò kì í ta ọkọ̀ náà báyẹn. Orí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, táyà àti irin gbọọrọ méjì tí à ń pè ní ṣásí ni wọ́n ń tà. Àwọn oníbọ́dì ló ń kọ́ ìyókù lé e. Ọ̀pọ̀ ló rò pé agbára ẹ́ńjìnnì ni olórí ọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Lára ọkọ̀ agégi, ìwọ̀n ni olórí. Ẹni tí kò bá fi ìwọ̀n ṣáájú á náwó sí ọkọ̀ tó rẹwà, kò sì ní lè fi kó ẹrù tó tó nǹkan.

Òfin ìrìnnà ló fa ìlà tí ìwọ̀n náà kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Bìrìtéènì láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1997 kò gbọdọ̀ fi ìwé yẹn wa ọkọ̀ tó ń lo epo, tí àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ lè ju kílò 3,500 lọ. Àwọn tó gba tiwọn ṣáájú ìgbà náà láǹfààní láti wa èyí tó tó kílò 7,500, ṣùgbọ́n àgbà ti ń dé sí wọn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun igi lónìí kò sì sí lára wọn. Yàtọ̀ sí ìwé dírẹ́bà, iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ tó ju 3,500 lọ ṣòwò ní láti gba àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ agégi fi dúró sí 3,500. Iye yẹn kì í sì í ṣe ti ẹrù nìkan. Irin ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, dísù inú táǹkì wà nínú rẹ̀, dírẹ́bà àti àwọn tó jókòó tì í wà nínú rẹ̀, títí dé bàtà ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan wò. Ká ní orí ọkọ̀ àti ṣásí, pẹ̀lú dísù àti dírẹ́bà, jẹ́ kílò 1,950. Bọ́dì típà, jáàkì rẹ̀ àti férémù abẹ́ rẹ̀ gba 500. Àpótí irinṣẹ́ gba 80. Òṣìṣẹ́ méjì tó kù gba 170. Ẹ̀rọ ìgégi, okùn, epo àti àwọn pátákó ìkìlọ̀ ojú títì gba 100. Ó di 2,800. Kílò 700 péré ló ṣẹ́kù fún igi.

Ní báyìí, ẹ wo inú bọ́dì ọ̀hún. Bó bá gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà 1.3, ó ń lọ sí kúbíìkì mítà 8. Ẹ̀rún igi tútù tó kún kúbíìkì mítà kan máa ń wọn bíi kílò 350, èyí tó lómi gan-an sì lè jù bẹ́ẹ̀. Kúbíìkì mítà 2 ni kílò 700 wa, nínú bọ́dì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 8. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú bọ́dì, kò ní dé orúnkún àgbàlagbà. Bí wọ́n bá wá kún un dé ẹnu, ẹ̀rún nìkan á ju kílò 2,700 lọ. Ìtì igi tún le ju ẹ̀rún lọ: igi oak tútù tó jẹ́ kúbíìkì mítà kan tó tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà díẹ̀ lára igi ńlá kan ti tó láti gba gbogbo kílò tó ṣẹ́kù.

Kí wá ni wọ́n ń fi ògiri gíga ṣe? Ẹ̀rọ tó ń lọ igi máa ń tu ẹ̀rún jáde pẹ̀lú ipá, ògiri àti òrùlé ló ń dá a dúró kó má baà fọ́n sójú títì tàbí sára mọ́tò ẹlòmíì. Ògiri náà ní iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń tan ojú jẹ, torí ẹni tó bá rí àyè lókè ẹrù á fẹ́ kún un. Oníbọ́dì tó mọṣẹ́ máa ń kun ìlà pupa sára ògiri nínú, níbi tí ẹ̀rún tútù gbọ́dọ̀ dúró sí. Ọ̀dà díẹ̀ ni, mi ò sì mọ ohun mìíràn tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó sì wúlò tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ọkọ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ DVSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó dírẹ́bà àti ọkọ̀, máa ń dá irú ọkọ̀ yìí dúró lọ́nà, wọ́n á sì gbé e lé ìwọ̀n. Bó bá jù, ó ní owó ìtanràn, wọ́n sì lè ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi sọ ẹrù tó lé kalẹ̀. Ká tiẹ̀ yọ ti òfin kúrò, bíréèkì ọkọ̀ tó rù ju agbára lọ kì í tètè mú, ọmọ tó bá sá kọjá níwájú rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀ jù.

Torí kílò tó ń wọ́n yìí ni wọ́n ṣe ń fi alumíníọ̀mù ṣe ògiri, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n irin. Ilẹ̀ bọ́dì ni wọn kì í fi ṣeré. Irin ló yẹ ibẹ̀, torí pé ìtì igi tó bá já bọ́ lé páànù alumíníọ̀mù á lu ú wọnú. Inú ògiri gbọ́dọ̀ máa dán, kí igun irin kankan má yọrí, kí bọ́dì náà sì fi díẹ̀ fẹ̀ sí i lápá ẹ̀yìn. Ẹ̀rún tútù máa ń so mọ́ra wọn, wọn kì í fẹ́ yọ̀ jáde. Bí ẹrù bá sùn mọ́jú nínú ọkọ̀, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ooru á mú un látinú. Nígbà òtútù, ẹ ó rí ooru tó ń rú jáde lára rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Láàrin bọ́dì àti ṣásí ni férémù irin wà. Bí kò bá sí i, gbogbo ipá jáàkì á dojú kọ ibì kan ṣoṣo, ṣásí á tẹ̀. Férémù yìí ló ń pín in kárí. Wọn kì í lu ihò sí etí òkè tàbí etí ìsàlẹ̀ ṣásí láti so ó mọ́lẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni agbára irin náà wà, ihò tí wọ́n bá lu síbẹ̀ lè di ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti fi ibi ìdè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣásí. Ibẹ̀ ni kí oníbọ́dì lò.

Jáàkì fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Páńpù kékeré kan wà tó ń ti ọ́ìlì lọ sábẹ́ jáàkì. Ọ́ìlì kì í ṣe ohun tí a lè tẹ̀ kó fún pọ̀, nítorí náà bó bá wọlé, irin inú jáàkì gbọ́dọ̀ jáde. Irin náà wọnú ara wọn ní ìpele-ìpele bí eriali rédíò àtijọ́, èyí ló jẹ́ kí ohun tó kúrú tó lè sùn sábẹ́ bọ́dì gùn tó láti gbé e dìde dé bíi dígírì 45. Lára ọkọ̀ 3,500, iná bàtìrì ló sábà máa ń yí páńpù. Lára àwọn ọkọ̀ ńlá, ara gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń gba agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ bọ́dì kalẹ̀, wọ́n á ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì láti padà, ìwúwo bọ́dì á sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ bọ́dì tó wà lókè láìfi ọ̀pá irin gbè é: páìpù ọ́ìlì kan ṣoṣo tó bẹ́ ti tó láti pa ènìyàn. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ti ń gbé e dìde, wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ wo wáyà iná tó wà lókè.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ẹ̀rọ alọgi tí ọkọ̀ náà ń fà ló sọ ọ́ di ọkọ̀ agégi. Ẹ̀yin náà á ti rí ọkọ̀ tó kó odindi ẹ̀ka rí ní Èkó, tí ẹ̀ka ń gbá mọ́tò tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ alọgi ń lé afẹ́fẹ́ náà jáde. Ní ẹnu rẹ̀, òpó irin eléyín méjì ń yí lọ́nà òdìkejì ara wọn, wọ́n á dì mọ́ ẹ̀ka, wọ́n á fà á wọlé. Nínú, àgbá irin tàbí àwo irin tó wúwo ń yí fòò, ọ̀bẹ sì wà lára rẹ̀. Ọ̀bẹ kejì kò yí. Ó dúró sójú kan, àlàfo tó wà láàrin àwọn méjèèjì kéré gan-an, ibẹ̀ ni igi ti ń já bí ìgbà tí sáásì bá ń gé aṣọ. Abẹ̀bẹ̀ irin tó wà lára àwo náà ló ń fẹ́ ẹ̀rún gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ rèé: ẹ̀rọ náà ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára tó. Bí igi tó le bá wọlé tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, òpó tó ń fà á á dúró fúnra rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti mí tán tó padà sí ìyára rẹ̀, òpó á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irin kan tún yí ẹnu rẹ̀ ká, tó jẹ́ pé bí ara òṣìṣẹ́ bá tì í, òpó á dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó wọ bẹ́líìtì agungi tó ní okùn lára kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Bí okùn bá há mọ́ ẹ̀ka, òpó á fa òun àti ẹni tó so mọ́ ọn wọlé, ọwọ́ ò sì lè yára tó o.

Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ẹni tó ní ìwé ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan láṣẹ láti fa ohun tó tó kílò 3,500, ìyẹn sì mú nǹkan rọrùn fáwọn agégi. Ohun tí wọ́n ń fà tó bá ju kílò 750 lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alọgi kékeré kì í fi kọjá 750. Kí wọ́n má sì gbàgbé pé imú ẹ̀rọ náà ń tẹ ìdí ọkọ̀. Bó bá tẹ kílò 75, òun náà wọ inú ìṣírò: 700 wa ti di 625.

Láàrin orí ọkọ̀ àti bọ́dì ni àpótí irinṣẹ́ máa ń wà. Ìlànà kan ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀: okùn tí ènìyàn ń fi gun igi kò gbọdọ̀ bá epo àti ẹ̀rọ ìgégi gbé yàrá kan náà, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ omi bàtìrì, torí omi bàtìrì ń jẹ okùn náílọ́ọ̀nù. Yàrá tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, ló yẹ ẹ́. Òfin LOLER ti ọdún 1998, tó wà fún irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé nǹkan sókè, ní kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa yẹ irinṣẹ́ tó ń gbé ènìyàn dúró wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Àpótí tí kò dára ni yóò jẹ́ kí okùn ti bàjẹ́ kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní láti wo ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ULEZ, ìyẹn agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù ti ń sanwó, ti gba gbogbo ìlú náà, ọkọ̀ dísù tí kò bá dé ìpele Euro 6 sì ń san pọ́n-ùn 12.50 lójúmọ́. Kò yẹ kéèyàn gbé bọ́dì tuntun lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí ní tòkúnbọ̀, tàbí tí ọmọ yín tó wà nílùú ọba fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́ lórí iye tó lè kó. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ rọ táǹkì kún, ẹ kó òṣìṣẹ́ àti gbogbo irinṣẹ́ sínú rẹ̀, ẹ so ẹ̀rọ alọgi mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wà á lọ síbi ìwọ̀n ọkọ̀. Kí gbogbo táyà ọkọ̀ wà lórí ìwọ̀n, kí ti ẹ̀rọ alọgi wà nílẹ̀. Ẹ yọ iye tí ìwọ̀n bá sọ kúrò nínú 3,500. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ẹrù tí ẹ fẹ́ fowó yín rà.