Ẹ̀rọ Sáńdà Wo Ni Kí A Rà fún Ọkọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa?

Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó kọjá nínú ọgbà yìí tí kò mọ ọkọ̀ onípákó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sí ẹ̀yìn ilé ìjẹun, lábẹ́ igi máńgòrò. Òun ni ó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé wọn wà ní òdì-kejì ọ̀sà wá sí kíláàsì kí afárá tó dé. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ti pinnu láti tún un ṣe fún ayẹyẹ yìí, owó sì ti ń wọlé. Ohun tí àríyànjiyàn ṣì wà lé lórí ni ẹ̀rọ tí a ó fi ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, tí a ó sì fi dán pákó rẹ̀ kí a tó kùn ún ní tuntun. Nítorí pé iṣẹ́ igi ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde níhìn-ín, àwọn olóyè ẹgbẹ́ ní kí n ṣàlàyé ọ̀ràn náà fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí.

Sáńdà ni ẹ̀rọ oníná tí ń ṣe iṣẹ́ tí a ń fi sáńpépà ṣe lọ́wọ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn wọ ọjà, kí ó sì béèrè èyí tí ó lágbára jù. Mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ọkùnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ gbé ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ fún mi. Mo mú ẹ̀rọ fáìlì, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò, mo de sáńpépà tí ó korò mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì tó wákàtí kan tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan fi mọ́ tónítóní. Inú mi dùn. Ìgbà tí a kun ọ̀dà dídán sí i tí oòrùn ràn án ni mo tó rí ohun tí mo ṣe: ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà rí bí ojú tí ṣọ̀pọ̀nná ti jà. Ẹ̀rọ yẹn ń yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ni ó sì ń kọ́kọ́ kan igi. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ó ti gbẹ́ kòtò. Mo fi owó ara mi pààrọ̀ pákó méjì.

Ẹ̀rọ sáńdà oníbẹ́líìtì ni àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́. N kò bú u. Bí a bá ní pátákó tí ó nípọn tí ó sì tẹ́jú, bí ilẹ̀ ìjókòó inú ọkọ̀, kò sí èyí tí ó yára tó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò tẹ́jú. Ó tẹ̀ bí egungun ìhà. Bẹ́líìtì yóò jẹ ibi tí ó yọ jáde, yóò sì fo ibi tí ó wọnú. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà: ìdí ọkọ̀ wa lápá ẹ̀yìn, pílíwúùdù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Ìpele òde pílíwúùdù sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 2 lọ. Kí ẹni tí ó di ẹ̀rọ náà mú tó yẹ ojú wò, ó ti lu ú dé ìpele kejì.

Èyí tí mo fẹ́ kí a rà ni sáńdà kékeré ọlọ́wọ́ kan tí ojú rẹ̀ rí róbótó. Random orbit sander ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń yípo, ṣùgbọ́n bí ó ti ń yípo ni ó tún ń mì kúrò lójú kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣòro kí èérún kan lórí sáńpépà tọ ipa kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí kì í fi í fa ilà jíjìn sára igi, ìbáà tẹ̀ lé ìlà igi, ìbáà dábùú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta ń lò ó láì ba nǹkan jẹ́. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa oníbẹ́líìtì.

Ìwọ̀n íǹṣì 5, èyí tí í ṣe mìlímítà 125, ni ó tọ́ sí wa. Ti íǹṣì 6 ń yára díẹ̀ jù ú, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ ìwúwo wọn. Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a yí i padà wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí ihò wà níbẹ̀ tí eruku yóò máa gbà wọlé, kí ẹnu tí ń tu eruku jáde sì gba ọ̀pá fákúùmù. Rọ́bà tí sáńpépà ń lẹ̀ mọ́ máa ń jẹ. Kí a béèrè bóyá òmíràn wà ní ọjà. Fóòmù pẹlẹbẹ kan tún wà tí a lè fi sáàárín rọ́bà àti sáńpépà, kí ojú ẹ̀rọ lè bá ibi tí ọkọ̀ ti tẹ̀ lọ. Kò wọ́n, òun ni n kò sì lè ṣe aláìní lórí iṣẹ́ yìí.

Ní ti sáńpépà, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ó ṣe korò tó. A ó fi 60 tàbí 80 bẹ̀rẹ̀, a ó fi 120 dán an kí a tó kun ọ̀dà àkọ́kọ́, 220 ni a ó sì lò láàárín ìkùn kan sí èkejì. Kí a kọ́kọ́ lu orí ìṣó wọlé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn yóò fa sáńpépà ya. Kóólítà tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ sáńdà rárá. Ooru ẹ̀rọ yóò yọ́ ọ, yóò sì dí sáńpépà pa. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ó ṣì le, ni a ń fi sìkírépà kán an kúrò.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ti yọ̀ǹda láti fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. A dúpẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n kí wọ́n dúró ná. Fólìtì 120 ni iná ọ̀dọ̀ wọn, tiwa jẹ́ 240 tàbí 230. Ẹ̀rọ wọn yóò jóná lójú ẹsẹ̀ bí a bá kì í bọ iná wa láìsí sítẹ́pí-dáùn. Tí àwọn ará ìlú Ọba bá tiwa mu. Orí rẹ̀ nìkan ni a ó pààrọ̀ bí ó bá yẹ. Kí àwọn ti Amẹ́ríkà fi sáńpépà ránṣẹ́ dípò rẹ̀: sáńpépà kò mọ iye fólìtì. Sáńdà tí mo ń wí kì í gbà ju nǹkan bí wáàtì 300 lọ, ṣùgbọ́n bí a bá so fákúùmù mọ́ ọn, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ènìyàn ń fi ọwọ́ kan gbé kò ní lè gbé méjèèjì. Ti ilé ìwé ni kí a tàn.

Mo wá dé ibi tí ó dùn mí jù. Nínú ètò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ọjọ́ Sátidé kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá ha ọkọ̀ náà. Èrò rere ni, n kò sì fara mọ́ ọn. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yẹn ti dàgbà ju púpọ̀ nínú wa lọ, òjé sì wọ́pọ̀ nínú ọ̀dà àtijọ́. Òjé tí ó bá wà lójú igi kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹ̀rọ ni ó ń sọ ọ́ di eruku tí a ń fà símú, tí ó ń bà sórí aṣọ àti oúnjẹ. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohun tí ó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Ẹ rántí Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ti ọkọ̀ kan kò lè tó ti ibẹ̀, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Pákó ìrókò tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà náà tún ní eruku tirẹ̀, tí ń yún ara, tí ó sì ń mú kí àwọn kan máa mí gúlegúle.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ dán ọ̀dà náà wò. Ohun ìdánwò kékeré kan wà tí ń yí àwọ̀ padà bí òjé bá wà. Bí ó bá wà, àgbàlagbà ni yóò fi omi rin ojú ọ̀dà, tí yóò sì fi ọwọ́ ha á pẹ̀lú sáńpépà olómi, láìsí ẹ̀rọ oníná nítòsí. Ìgbà tí a bá kan igi ni sáńdà yóò tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú fákúùmù, tapólì nílẹ̀, àti ìbòmú N95 ó kéré tán. Aṣọ ìbòmú ìgbà Kòrónà kò tó. A ó gbé ọkọ̀ náà jìnnà sí ilé ìjẹun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní pàdánù Sátidé wọn: bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí ọ̀dà àkọ́kọ́ sì ti gbẹ, kí olúkúlùkù mú búrọ́ọ̀ṣì wá, ìkùn kejì jẹ́ tiwọn.