Sáílẹ́ǹsà: Orúkọ Kan fún Ohun Mẹ́ta

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé nípa bí a ti ń tún ọ̀nà èéfín ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré ṣe kí ó lè lágbára sí i yóò rí i pé àwọn mẹkáníìkì wa ń pe gbogbo rẹ̀, láti ẹ́ńjìnnì títí dé ìdí ọkọ̀, ní sáílẹ́ǹsà. Bí ìwé bá ní kí a yọ sáílẹ́ǹsà, èwo ni a ó yọ?

Mo dábàá ìkó-èéfín-jọ fún àwọn páìpù tí ó gba èéfín lẹ́nu sìlíńdà, àti adín-ìró-kù fún àgbá tí ń pa ariwo. Ẹ̀kẹta ni ayí-èéfín-padà. Kí a má ṣe pè é ní asẹ́, nítorí kì í sẹ́ ohunkóhun: ńṣe ni ó ń sọ kábọ́ọ̀nù mònóksáídì di kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáídì. Nínú Chevrolet Corvette ti ọdún 1975, páìpù méjì ni a dà pọ̀ sínú ẹyọ kan ṣoṣo irú rẹ̀.

Fífẹ̀ páìpù nìkan kọ́ ni agbára. Bí ó bá fẹ̀ jù, èéfín yóò máa rọra rìn. Bẹ́ẹ̀ ni eré èyí tí ń jáde lọ ni ó ń fa èyí tí ó kù nínú sìlíńdà. Ìfàjáde ni mo pe iṣẹ́ yìí. Ìtìjáde jẹ́ ti písítìn.