Ṣé o mọ̀? Orin tó bá ti wọ inú àwo, ó ṣòro kí Fẹlá tún kọ ọ́ lágbo

Nígbà ayé olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, bó bá ti gba orin kan sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Orin tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ nínú àwo, òun gan-an ni ẹni tó sanwó wọlé sí Afrika Shrine, ilé eré rẹ̀ l'Ékòó, kò ní bá níbẹ̀. Orin tuntun ni Fẹlá máa ń gbé wá. Ojú èrò ni yóò ti kọ́kọ́ dán an wò. Àwọn onílù àtàwọn afunfèrè á sì máa tún un ṣe láti alẹ́ kan dé òmíràn, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sí sítúdíò. Ẹni tó bá ń lọ sí Shrine déédéé lè ti há orin sórí kí àwo rẹ̀ tó dé ìgboro. Bó sì ṣe ń gùn lágbo ló ń gùn nínú àwo: "Confusion" ti 1975 lé ní ìṣẹ́jú 25. Orin kan ṣoṣo yìí ló gba ojú àwo méjèèjì. Bó bá dé àárín, àfi kéèyàn dìde lọ yí àwo padà kó tó gbọ́ ìyókù.