Flash Player Ti Kógbá Wọlé

Flash Player, tí kì í ṣe fíláàṣì tí a ń kó fáìlì sí, ni àfikún kékeré tó jáde ní 1996, tó máa ń ran bíráúsà lọ́wọ́ nígbà náà láti gbé fídíò àti géèmù jáde. Ilé-iṣẹ́ Adobe pa á tì ní 31 Oṣù Kejìlá 2020. Ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé ti pọ̀ jù lára rẹ̀. iPhone kò tilẹ̀ gbà á láyè rí. HTML5 ló rọ́pò rẹ̀: bíráúsà ń gbé fídíò jáde fúnra rẹ̀ báyìí. Silverlight, irú àfikún bẹ́ẹ̀ tí Microsoft ṣe, náà kógbá wọlé ní 2021.

Nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà tàbí Àkánrán, kì í ṣe ohun ìyanu bí Flash bá ṣì wà níbẹ̀. Inú Control Panel ni wọ́n ti ń yọ ọ́: a ó tẹ Uninstall a program, a ó wá orúkọ rẹ̀, a ó sì yọ ọ́ dànù. Lẹ́yìn náà ni bíráúsà tuntun kàn. Windows 7 ló ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí, torí pé nọ́ńbà 109 ni Chrome parí sí lórí rẹ̀ ní 2023. Bí kọ̀ǹpútà náà bá lágbára tó, Windows tuntun ló kù.

Ojúewé tó bá ní kí ènìyàn wá gba Flash tuntun lónìí, ẹ̀tàn gbáà ni. Kòkòrò ló fẹ́ gbìn sínú ẹ̀rọ.