Winsome Earle-Sears: Àtìpó tó Di Aṣòfin ní Virginia

Lake Arbor ni orúkọ àdúgbò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Prince George's, ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí àwọn dúdú tó rí já jẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń lọ sí Washington láàárọ̀, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣòwò, ti kọ́lé sí ẹ̀bá adágún omi, tí àwọn Yorùbá náà sì ti rí ibi fìdí kalẹ̀ sí láàárín wọn. Ẹni tó bá bá àwọn àgbà Yorùbá tó wà ní sàkáání yìí jókòó lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìrẹsì bá ti délẹ̀ tí ọ̀rọ̀ sì ti wọra, kò ní í pẹ́ gbọ́ ohùn kan náà lẹ́nu bàbá àti ìyá: pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, pé òbí ló ni ọmọ kí ilé ẹ̀kọ́ tó ní in, pé a kò gbọdọ̀ fi owó-orí ba òwò olówò jẹ́, pé ìwà tí Ọlọ́run kọ̀, òfin ìjọba kò lè sọ ọ́ di rere. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an ni ẹgbẹ́ Republican fi ń wá ìbò kiri Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìdìbò bá pé, ó ju ẹni 8 lọ nínú 10 ní Prince George's tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ Democrat, púpọ̀ nínú àwọn tiwa sì wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Republican kan ṣoṣo nínú àwọn aṣòfin tí ìjọba ìbílẹ̀ náà ń rán lọ sí Annapolis, olú ìlú Maryland.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àtìpó tó di ìlànà àtijọ́ mú ṣinṣin ṣe ń di aṣòfin nílẹ̀ yìí, àfi kó gba ọ̀nà Beltway tó yí Washington ká, kó dorí kọ gúúsù, kó sọdá odò Potomac lórí afárá Woodrow Wilson, kó sì wọ Virginia, níbi tí Winsome Earle-Sears ti ẹgbẹ́ Republican ti gbé e ṣe. Ìtàn obìnrin yìí kàn wá, ìbáà ṣe pé a fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe pé a kórìíra rẹ̀.

Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kẹta ọdún 1964. Bàbá rẹ̀ ti ṣáájú dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, pẹ̀lú dọ́là 1.75 péré lápò gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ti máa ń rò ó lórí pèpéle, nígbà tí ìwọ́de ńlá tí Martin Luther King ti sọ̀rọ̀ ní Washington ku ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọbìnrin náà nígbà tó wá bá a, Bronx ní New York ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ó wọṣẹ́ ológun Marine, iṣẹ́ iná mànàmáná ló sì ń ṣe níbẹ̀, nígbà tí kò tíì gba ìwé ọmọ-ìlú rárá. Ó ní ilẹ̀ tó ṣe òun lóore tó bẹ́ẹ̀, òun ṣe tán láti kú fún un. Lẹ́yìn náà ló kàwé ní Virginia, ní Tidewater, ní Old Dominion àti ní Regent, tó sì ṣe alábòójútó ilé tí ẹgbẹ́ Salvation Army fi ń gba àwọn obìnrin tí kò nílé sí.

Ọdún 2001 ni ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ṣẹlẹ̀. Àgbègbè ìdìbò kan wà ní Norfolk àti ẹ̀bá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ìkàádọ́rùn-ún, tí àwọn dúdú pọ̀ jù níbẹ̀, tí Billy Robinson ti ẹgbẹ́ Democrat sì ti jókòó lé àga rẹ̀ fún 20 ọdún, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ náà ti jẹ aṣòfin ṣáájú rẹ̀, débi pé bí oyè ìdílé ni àwọn ènìyàn ṣe ń wo ipò náà. Obìnrin tí kò ní orúkọ nínú òṣèlú, àtìpó ọmọ erékùṣù, tó tún wá wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí àwọn ará àdúgbò kò fẹ́, ló dìde pé òun yóò bá a du ú. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ó fara da á, ó sì wọlé. Ọjọ́ kan náà ni àwọn ará Virginia yan Mark Warner ti Democrat ṣe gómìnà, síbẹ̀ àwọn ará àgbègbè náà wo obìnrin yìí lójú, wọ́n sì ní ó tó o rán. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ láti inú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó sí ilé àwọn aṣojú ní Richmond, olú ìlú Virginia. Ní tèmi, èyí ló tóbi jù nínú gbogbo ohun tó ṣe, ó ju ipò ńlá tó dé lẹ́yìn náà lọ.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà jọ ti Nàìjíríà, níbi tí ọkọ̀ ńlá àti ẹ̀ṣọ́ ti ń tẹ̀lé onípò kiri. Ẹni 100 ló wà ní ilé àwọn aṣojú Virginia, ọdún 2 ni sáà wọn, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń jókòó ní ọdún kan, kò sì tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dọ́là 17,640 ni owó iṣẹ́ wọn lọ́dún, owó tí kò lè gbọ́ bùkátà ilé ní ìpínlẹ̀ náà, tó fi jẹ́ pé olúkúlùkù ní láti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Síbẹ̀ ilé yìí ni wọ́n ti ń pinnu ohun tí olùkọ́ yóò kọ́ ọmọ wa, ìwé àṣẹ tí nọ́ọ̀sì yóò gbà kó tó ṣiṣẹ́, iye owó-orí tí ìyá tó ń ta oúnjẹ yóò san.

Sáà kan péré ni Earle-Sears lò níbẹ̀. Kò padà du ipò náà ní 2003. Ní 2004 ó lọ kojú Bobby Scott ti Democrat fún ipò ilé aṣòfin àpapọ̀, Scott sì là á mọ́lẹ̀. Ó dùn mí pé ó tètè fi ilé tó fi òógùn gbà sílẹ̀, nítorí ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ ló ń di ọṣẹ, ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ sí i ì bá sì ti sọ ọ́ di àgbà ilé. Ó padà sídìí òwò, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, ikú sì dá a lóró ní 2012, nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì bá ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní 2021 ló tún jáde, tó sì di igbákejì gómìnà nígbà tí Glenn Youngkin ti ẹgbẹ́ rẹ̀ di gómìnà, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà ní Virginia. Igbákejì gómìnà ló ń ṣe alága ilé àwọn sẹ́nétọ̀, kì í dìbò àfi bí apá méjèèjì bá ta ọ̀mì. Ní 2024, ilé méjèèjì fọwọ́ sí àbá òfin HB 174, tó dáàbò bo ìgbéyàwó ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin àti obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Ìwé òfin ìpínlẹ̀ pàṣẹ pé kí alága buwọ́ lu ohun tí ilé bá ti parí. Ó mú gègé, ó buwọ́ lù ú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun bọ̀wọ̀ fún ojúṣe tí òfin gbé lé òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pé ọkàn òun kò gba ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan bú u nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn sì yìn ín. Èmi rí i pé kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́, kò sì fi ìgbàgbọ́ náà dènà iṣẹ́ tí wọ́n yàn án sí.

Ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nígbà tó du ipò gómìnà ní 2025, òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá kan yóò fà kalẹ̀ fún ipò náà ní Virginia, ṣùgbọ́n Abigail Spanberger ti Democrat fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lú ìbò tó lé ní ìdá 57 nínú 100. Ara ohun tó fà á, àwọn ará Lake Arbor mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí inú ilé tiwọn náà ló jà dé: ìjọba Ààrẹ Donald Trump ti dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dúró, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ni wọ́n sì ti ti ìjọba náà pa, tí àwọn òṣìṣẹ́ wà láìgba owó nígbà tí ìdìbò wọlé dé. Ìlú tí oúnjẹ rẹ̀ ń ti Washington wá kò lè gbàgbé ẹgbẹ́ tó di ọwọ́ oúnjẹ mú. Ghazala Hashmi ti Democrat ni wọ́n yàn sí ipò igbákejì gómìnà tí Earle-Sears fẹ́ fi sílẹ̀. Mùsùlùmí ni, Hyderabad ní Íńdíà ni wọ́n sì bí i sí, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ àtìpó ni ipò náà ti bọ́ sí ọwọ́ àtìpó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà wọn kò bára mu rárá.

Àwọn ọmọ tiwa náà ti ń dé irú ilé wọ̀nyí. Esther Agbaje, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ti wà ní ilé aṣòfin Minnesota láti ìgbà ìdìbò ọdún 2020, Democrat sì ni òun. Èmi kò sọ pé kí Yorùbá kankan fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí òmíràn, nítorí ẹni tí a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ohun tó ń dùn mí ni pé a máa ń fi òru ọ̀gànjọ́ jiyàn lórí ẹni tí yóò ṣe gómìnà ní Èkó àti ní Ìbàdàn, nígbà tí a kò mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú wa ní Annapolis, níbi tí aṣojú 141 àti sẹ́nétọ̀ 47 ti ń jókòó fún ọjọ́ 90 láti oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ní Prince George's, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat ni wọ́n ti ń yan aṣòfin tán kí oṣù Kọkànlá tó dé, ẹni tí kò bá sì forúkọ sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kan kò lè dá sí ìdìbò abẹ́lé rẹ̀ ní Maryland. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìwé ọmọ-ìlú, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ tí ọkàn yín bá fẹ́. Bí ẹ bá sì rí ẹnìkan láàárín yín tí ìwà rẹ̀ tó o rán, ẹ fà á kalẹ̀.