Níbi Tí "Ìbọn Ló Ṣèèṣì Yìn" Kì Í Ti Í Gba Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀

Gbólóhùn kan wà tí etí gbogbo wa ti gbọ́ gbọ́ nílùú yìí, lórí rédíò tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: "Ìbọn ló ṣèèṣì yìn." Ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́ ò mọ̀ọ́mọ̀, ó dà bíi pé ìbọn ló dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó wá ku ẹkún sọ́wọ́ ẹbí ẹni tí ọta bà.

Àmọ́ ibì kan wà láyé yìí tí gbólóhùn yẹn ò ti níṣẹ́ ṣe. Eré ìdárayá ni. Tí ìbọn bá ṣèèṣì yìn lọ́wọ́ ẹ níbẹ̀, kódà kó má kan ẹnì kankan, ilé yá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń dájọ́ nínú eré yìí, torí sáyẹ́ǹsì tó wà nídìí ẹ̀ kàn wá ju bá a ṣe rò lọ.

Eré wo gan-an nìyí?

Practical shooting ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe irú èyí tá a máa ń rí ní Òlíńpíìkì, tí èèyàn á dúró sójú kan, á di èémí mú, á wá yìnbọn sí àmì kan ṣoṣo. Nínú eléyìí, olùdíje á máa sáré láti ibì kan dé ibòmíì, á máa yọjú láti ẹ̀yìn ògiri pákó, á máa ki ọta míì lórí ìrìn. Ìbọn ìléwọ́ gidi ni, ọta gidi ló sì wà nínú ẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó eré náà sílẹ̀ nílùú Columbia, ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà. International Practical Shooting Confederation lorúkọ ẹ̀, IPSC ni wọ́n ń ké e kúrú sí. Jeff Cooper ni ààrẹ àkọ́kọ́. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe àkọmọ̀nà: ìpéye, agbára àti ìyára.

Ẹ wá rò ó wò ná. Èèyàn ń sáré, ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀, réfẹ́rì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀n. Tí òfin ibẹ̀ ò bá ṣe kedere, òkú ló máa sùn lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ẹ̀rọ lè wọ̀n, ẹ̀rọ ni kó wọ̀n ọ́n

Ẹ̀rọ kékeré kan tó ní máíkì wà lọ́wọ́ réfẹ́rì. Tó bá ti sọ pé "Standby", ẹ̀rọ yẹn á dún "bíìpù" láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1 sí 4, olùdíje ò sì lè mọ ìgbà tó máa dún gan-an. Kí nìdí? Tí ìró bá wọ etí, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 0.15 kí ọwọ́ tó dáhùn. Tó bá jẹ́ pé ìgbà kan náà ni bíìpù ń dún nígbà gbogbo, àwọn ọlọ́gbọ́n àyínìke á ti kà á sórí, wọ́n á gbéra ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, máíkì náà á máa gbọ́ ìró ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ìró tó gbẹ̀yìn ló máa fi ka àkókò.

Máàkì ńkọ́? Ojú àmì pín sí ọ̀nà mẹ́ta: A, C àti D. Máàkì 5 ni A. Wọ́n á kó gbogbo máàkì jọ, wọ́n á fi àkókò pín in. Ẹni tó gba 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 ní 6.0. Ẹni tó gba 55 láàárín 8.5 ní 6.47, òun ló borí. Ẹni tó bá ń kánjú ju bó ṣe yẹ lọ máa tàsé, máàkì 10 ló sì máa pàdánù lórí ọta kọ̀ọ̀kan tó tàsé. Ẹni tó bá ń fà á ju, àkókò á jẹ ẹ́ run.

Tí ihò ọta bá wá bọ́ sórí ìlà tó wà láàárín A àti C ńkọ́? Òfin ti dáhùn sílẹ̀: tó bá ti fara kan ìlà, èyí tó ga jù ni kí wọ́n kà fún un. Tójú ò bá dá a mọ̀, wọ́n á gbé ike tó mọ́ gaara lé ihò náà, èyí tí wọ́n ya òbìrípo tó ṣe déédéé ọta sí lára. Àríyànjiyàn parí.

Bí wọ́n ṣe ń rà á ní Ládìpọ̀

Ẹni tó bá mọ ọjà Ládìpọ̀ ní Pápá Àjàó mọ̀ pé èèyàn kì í fi ẹnu lásán ra íńjìnnì tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á lè búra títí ilẹ̀ á fi ṣú, mẹkáníìkì tó gbọ́n á ní kí wọ́n tan án kóun gbọ́ ọ. Irú ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ọta nínú eré yìí.

Ọta tó lágbára máa ń ti ọwọ́ sẹ́yìn gan-an, ó máa ń ṣòro láti tún ìbọn gbé bọ̀ sójú àmì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo ọta alágbára fi máa ń gba 4 ní ojú C, tí ẹni tó ń lo èyí tó fẹ́lẹ́ á gba 3. Àmọ́ ta ló máa mọ ẹni tó ń purọ́? Wọ́n á gba ọta díẹ̀ lọ́wọ́ olùdíje, wọ́n á tú ọ̀kan wò lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á yin ìyókù kọjá lójú ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ náà ní ojú méjì tó ń rí òjìji ọta bó ṣe ń kọjá. Àkókò tí ọta fi ti ojú kìíní dé ojú kejì ló ń sọ ìyára ẹ̀. Wọ́n á wá fi ìwúwo ọta ní grain sọ ìyára ẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan di púpọ̀, wọ́n á sì fi 1,000 pín in. 125 ló kéré jù. Ọta grain 124, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 8, tó ń sáré ní 1,010, máa fún wa ní 125.24: ó yege. Tó bá jẹ́ 1,000 péré ló ń sá, 124 ni: olùdíje náà lè máa yìnbọn lọ, àmọ́ wọn ò ní ka máàkì kankan fún un.

Ṣé ó dà bí ìkà? Ẹ rántí Tobi Amusan wa ní Eugene lọ́dún 2022. Ìṣẹ́jú-àáyá 12.06 ló fi sá eré àṣekágbá, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń tì í lẹ́yìn jẹ́ mítà 2.5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ 2.0 ni òfin gbà. Nítorí náà, 12.12 tó sá ṣáájú ìyẹn lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí àkọsílẹ̀ tó dáa jù lágbàáyé. Òfin tó bá ń wo ojú èèyàn kì í ṣe òfin mọ́.

Ìka, ẹnu ìbọn àti mítà 3

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Tó bá kan ààbò, òfin IPSC kì í béèrè pé "kí ló wà lọ́kàn ẹ?" Ohun tí ojú rí ló ń béèrè. Tí ọta bá balẹ̀ láàárín mítà 3 sí olùdíje, láìjẹ́ pé bébà tó ń yìnbọn sí wà nítòsí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa lé e kúrò nínú gbogbo ìdíje. Tí ọta bá fò kọjá òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìn àmì, ó ti lọ. Tí ìbọn bá yìn nígbà tó ń ki ọta, ó ti lọ. Tó bá ń rìn, tí kì í ṣe pé ó ń yìnbọn sí àmì, ìka gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn òde tírígà. Ẹnu ìbọn ò sì gbọ́dọ̀ yà kọjá ìdá 90 sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àmì wà.

Kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀ lórí ìka? Roger Enoka, onímọ̀ nípa iṣan ara ní Yunifásítì Colorado, ṣàlàyé lọ́dún 2003 pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìka lè gbà fún tírígà láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀: tí ọwọ́ kejì bá ń di nǹkan mú gírígírí, tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, tàbí tí nǹkan bá ṣàdédé já èèyàn láyà. Ẹ lè mọ̀ ọ́n lára. Ẹ di fóònù mú lọ́wọ́ ọ̀tún nínú dáńfó, kí dírẹ́bà wá tẹ búrèkì lójijì. Bí ọwọ́ òsì ṣe ń rá irin mú, ọ̀tún náà á fún fóònù pọ̀, ẹ ò sì rán an níṣẹ́. Tó bá wá jẹ́ ìbọn ni, tí ìka sì ti wà lórí tírígà?

Ẹ rí i pé lóòótọ́ ni èèyàn lè ṣèèṣì. Ìdí gan-an tí òfin fi ní kí ìka jìnnà ṣáájú nìyẹn. Àṣìṣe tí wọ́n ń fìyà jẹ ni ti ìka tó wà níbi tí kò yẹ, kí ìbọn tó dún rárá.

Ṣé kò sí kòtẹ́milọ́rùn ni?

Ó wà. Láàárín wákàtí kan, olùdíje lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, á sì san owó tí wọ́n máa dá padà tó bá jàre. Àmọ́ kò lè sọ pé réfẹ́rì ò rí ohun tó rí. Ohun tó lè béèrè ni bóyá nǹkan àrà ọ̀tọ̀ kan wà tó fi yẹ kí wọ́n tún ìjìyà náà gbé yẹ̀ wò. Tí ìbọn bá sì yìn torí pé nǹkan kán nínú ẹ̀, tí olùdíje ò sì rú òfin ààbò kankan, wọn ò ní lé e, òdo ló máa gbà ní ìpele yẹn. Àmọ́ ojú ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé ìbọn náà kalẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ìbọn mi ló bà jẹ́" tí èèyàn á rántí lọ́sẹ̀ kejì.

Réfẹ́rì náà èèyàn ni o. Ojú lásán ló fi ń wo ìdá 90, ó sì lè ṣì í wò. Àwọn tó ń ṣe eré yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fara mọ́ ọn, torí ẹni tí wọ́n bá ṣì lé kúrò lónìí lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí ló wá kàn wá?

Òfin Firearms Act ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ ààrẹ. Torí náà, kì í ṣe eré tí ọmọ Pápá Àjàó máa jí lọ ṣe láàárọ̀ Sátidé. Àmọ́ ìbọn wà láàárín wa: lọ́wọ́ àwọn agbófinró lójú títì, lọ́wọ́ ọdẹ àdúgbò, àti lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ míì tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ìbọn ló ṣèèṣì yìn, ẹ má kàn mi orí. Ẹ béèrè ìbéèrè méjì: níbo ni ìka wà kó tó yìn? Ta ni ẹnu ìbọn kọjú sí, kí sì nìdí? Ẹni tó ń fi ìbọn ṣeré lásán gbọ́dọ̀ dáhùn méjèèjì. Ẹni tí ìjọba gbé ìbọn fún kó fi dáàbò bò wá, ṣé tiẹ̀ ló wá yẹ kó rọrùn jù ni?