Ọṣẹ Nínú Ilé Ẹni Tí Àlìkámà Jẹ́ Èèwọ̀ Fún

Búrẹ́dì jẹ́ oúnjẹ rere fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó dàbí májèlé fún. Ohun kan ń bẹ nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì tí a ń pè ní gluten. Òun ni í mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà. Bí ẹni tí ó ní àrùn celiac bá gbé e mì, ìfun rẹ̀ yóò máa bàjẹ́: ìgbẹ́ gbuuru lè máa ṣe é, kí ó máa rù, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dínkù. Dókítà Willem Dicke, ará Nẹ́dálándì, fi hàn ní ọdún 1950 pé àlìkámà a máa pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí a yẹra fún gluten ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. A dúpẹ́ pé iṣu, gbàgúdá, àgbàdo àti ìrẹsì kò ní in nínú.

Ìbẹ̀rù a wá máa mú àwọn ará ilé béèrè pé, Ọṣẹ wo ni kí a rà? Kí ẹ mọ èyí dájú: ẹnu ni ọ̀tá yìí ń gbà wọlé; kì í gba awọ ara dé ìfun. Nítorí náà, kò yẹ kí a ná owó gọbọi lórí ọṣẹ ìfọṣọ tàbí omi ìfọlẹ̀. Èyí tí ó lè dé ẹnu ni kí a yẹ̀ wò: ọṣẹ ìfọwo, àti ọṣẹ ìfọwọ́ àwọn ọmọ tí ń fi ìka sẹ́nu. Bí ẹ bá rí Triticum lára páálí rẹ̀, àlìkámà ni. Bí ó bá ṣe Hordeum, ọkà báálì ni. Ọṣẹ dúdú tiwa, tí a fi eérú èèpo kòkó àti àdín sè, kò ní ọkà nínú, bí a kò bá ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Ọ̀ràn ẹni tí àlìkámà ń bá ara rẹ̀ jà yàtọ̀ sí èyí. Ní Jàpáànù, ọṣẹ ìfọjú kan tí ó ní èròjà àlìkámà sọ àwọn ènìyàn tí ó ju 2,000 lọ di ẹni tí ara wọn kò gba àlìkámà mọ́. A kó o kúrò lọ́jà ní ọdún 2011. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹra fún ọṣẹ tí ó ní àlìkámà pátápátá.

Ṣùgbọ́n fún aláìsàn celiac, ewu tí ó tóbi jù kò sí nínú ọṣẹ. Ó wà nínú kànrìnkàn tí a fi fọ àwo búrẹ́dì, tí a sì tún fi fọ àwo tirẹ̀; ó wà nínú omi ìfọwo tí ó ti dọ̀tí, àti nínú asẹ́ ìyẹ̀fun. Iná ìdáná kì í pa gluten run, bẹ́ẹ̀ ni ọtí tí a fi ń pa kòkòrò ọwọ́ kì í mú un kúrò. Ọṣẹ àti omi mímọ́ ni í ṣàn án lọ. Ẹ ya kànrìnkàn kan sọ́tọ̀ fún un. Ẹ kọ́kọ́ fọ àwo tirẹ̀ kí omi tó dọ̀tí. Ẹ sì ṣan án dáadáa.

Àwọn àgbà ní, oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ti èyí rí bẹ́ẹ̀, kí ọmọ má baà máa rù nítorí kànrìnkàn, nígbà tí òbí rẹ̀ ń náwó lórí ọṣẹ.